Sí Olóòtú: Ibi tí ó yẹ kí ará wa ti jẹun bí wọ́n bá dé Darjeeling

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ tí ẹ jọ ń gbé ìwé ìròyìn yìí jáde. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ó mú mi kọ lẹ́tà yìí. Àwọn ènìyàn wa ń lọ sí Íńdíà lemọ́lemọ́, àwọn kan fún ìtọ́jú ara, àwọn kan fún ẹ̀kọ́, àwọn kan fún òwò, a sì ń rí nínú wọn àwọn tí ó ń fẹ́ gun òkè Himalaya lọ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó padà wálé. Àwọn tí ó bá gbọ́ pé mo ti débẹ̀ kì í béèrè ọ̀rọ̀ òtútù tàbí ọ̀rọ̀ ọ̀nà lọ́wọ́ mi tó bí wọ́n ti ń béèrè pé, "Kí ni ẹ rí jẹ níbẹ̀?" Ohun tí àwọn aṣètò ìrìn-àjò sábà máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n san owó oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ mọ́ owó yàrá, kí wọ́n sì fi gààrí sínú àpótí. Mo fẹ́ fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ pé ìmọ̀ràn náà kò dára, pàápàá fún ìlú Darjeeling tí èmi fúnra mi dé, nítorí pé oúnjẹ tí ó dùn jù lọ níbẹ̀ kò sí nínú hòtẹ́ẹ̀lì. Inú yàrá kéékèèké tí ẹbí kan ń dáná sí lẹ́bàá títì ni ó wà, ẹni tí ó bá sì ti san owó oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ láìtọ́ ọ wò.

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún tí ó kọjá ni mo sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí Kolkata nítorí orúnkún wọn tí ó ti ń dà wọ́n láàmú láti ọdún mẹ́ta. Nígbà tí dókítà parí iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì ní kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀, ọmọ wọn obìnrin tí ó ń kàwé ní orílẹ̀-èdè náà dá a lábàá pé kí a lọ sí Darjeeling fún ọjọ́ márùn-ún, kí atẹ́gùn orí òkè lè fẹ́ sí màmá òun lára. A wọ ọkọ̀ ojú irin alẹ́ ní Sealdah, ilẹ̀ mọ́ bá wa ní New Jalpaiguri, ibẹ̀ ni a sì ti wọ jíípù tí ó gbé wa gun òkè fún wákàtí bíi mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wà tí ó ń bá títì náà gun òkè, èyí tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì parí ní ọdún 1881, tí àjọ UNESCO sì kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 1999. Ṣùgbọ́n ó ń rìn jẹ́jẹ́ púpọ̀, orúnkún ẹ̀gbọ́n mi kò sì lè gba irú ìjókòó gígùn bẹ́ẹ̀.

Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi wá sí ti gba owó oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́ lọ́wọ́ wa kí a tó kúrò ní Kolkata. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́, wọn a to oúnjẹ sórí tábìlì gígùn kan: ìrẹsì funfun, adìyẹ nínú ọbẹ̀ tí kò ní ata, búrẹ́dì, àti ẹ̀wà tí wọ́n sè títí ó fi di omi. Bí ènìyàn bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́, gbogbo rẹ̀ ti tutù, nítorí ìlú náà ga tó nǹkan bí 2,000 mítà, òtútù alẹ́ ibẹ̀ ní oṣù kẹta kì í sì í ṣe ohun tí ará Ìbàdàn mọ̀ rí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ata kúrò nítorí àlejò ni, èyí tí ó bà mí nínú jẹ́, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń gbé oúnjẹ náà fún wa ń jẹ nǹkan mìíràn nínú ilé ìdáná, òórùn rẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ méjì gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi mu tíì àti bísíkíìtì. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, nǹkan gbígbóná ni mo fẹ́, nǹkan tí yóò ta mí lẹ́nu."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá wa gbé ẹrù lọ́jọ́ tí a dé ni ó gbà wá. Ó rí i pé Màmá dá àwo padà lẹ́ẹ̀kejì láìfọwọ́ kàn án, ó sì bi ọmọ wọn léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ nílé. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọbẹ̀ àti ata ni, ó ní kí a jáde sí Gandhi Road, kí a béèrè ilé oúnjẹ tí ń jẹ́ Kunga.

Ilé oúnjẹ kékeré ni, àwọn ará Tibet ni ó ni ín, tábìlì inú rẹ̀ kò sì pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé àlejò méjì tí kò mọra lè jọ jókòó sídìí ẹyọ kan. A dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀ kí àyè tó ṣí. Momo ni a kọ́kọ́ béèrè. Ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n pò, tí wọ́n nà ní pẹlẹbẹ róbótó, tí wọ́n fi ẹran lílọ̀ tàbí ẹ̀fọ́ gígé pẹ̀lú àlùbọ́sà sí àárín rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ́ etí rẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń di ẹrù, tí wọ́n sì tò ó sínú ìkòkò alájà kí ooru omi lè sè é jinná. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń se mọ́ínmọ́ín mọ irú iṣẹ́ tí ooru ń ṣe níbẹ̀: ara rẹ̀ rọ̀, kò gbẹ, omi ẹran sì wà nínú rẹ̀ tí ó ń tú sí ènìyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ata lílọ̀ tí wọ́n gbé tẹ̀ lé e ni ó mú kí ojú ẹ̀gbọ́n mi là. Ata kan wà ní gbogbo àgbègbè náà tí wọ́n ń pè ní dalle khursani, ó pupa, ó rí róbótó, kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, títa rẹ̀ sì tó ti ata rodo wa. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ momo mẹ́jọ tán, wọ́n sì ní kí a bá àwọn béèrè àwo mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì a padà síbẹ̀ fún thukpa àti thenthuk. Thukpa jẹ́ omi ẹran gbígbóná tí wọ́n da ìyẹ̀fun gígùn bíi sùpàgẹ́tì sí, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹran. Ti thenthuk, wọn kò gé ìyẹ̀fun rẹ̀ ní gígùn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á já ní wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ tí ó ń hó lọ́wọ́, nítorí náà ó máa ń nípọn jù, ó sì máa ń gbé inú ró fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí òtútù bá mú ni kí ó béèrè rẹ̀. Oúnjẹ àwọn ará Tibet ni gbogbo ìwọ̀nyí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń sè é ní Darjeeling jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó sá kọjá òkè wá nígbà tí rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Tibet ní ọdún 1959. Ọdún náà gan-an ni wọ́n dá ibùdó ìrànwọ́ àwọn asásálà sílẹ̀ nínú ìlú náà, níbi tí wọ́n ti ń hun kápẹ́ẹ̀tì títí di òní.

Ó ṣe pàtàkì kí àlejò mọ ìdí tí oúnjẹ ibẹ̀ kò fi jọ ti Kolkata, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ West Bengal kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ní ọdún 1835 ni ọba Sikkim yọ̀ǹda ilẹ̀ Darjeeling fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sọ ọ́ di ibi ìsinmi fún àwọn tí ara wọn kò yá. Dókítà Archibald Campbell gbin tíì síbẹ̀ ní ọdún 1841, nígbà tí oko tíì sì wá gbilẹ̀, láti Nepal ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ ti wá. Èdè Nepal ni ènìyàn ń gbọ́ jù lójú títì, oúnjẹ Nepal ni wọ́n sì ń sè nínú ilé: ìrẹsì, ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́, ẹ̀fọ́, ata lílọ̀, àti gundruk, tí í ṣe ẹ̀fọ́ tí wọ́n jẹ́ kí ó kan kí wọ́n tó sá a gbẹ. Ẹni tí ó ń pín oúnjẹ yóò máa padà wá bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ kún àwo rẹ títí ìwọ yóò fi fi ọwọ́ bò ó. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ bíi tiwa, a kò sì rí ẹni tí ó wò wá ní àwòtún.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín fara balẹ̀ bá mi gbọ́. Ní ìsàlẹ̀ ìlú ni ọjà tí wọ́n ń pè ní Chowk Bazaar wà, níbi tí àwọn jíípù ń kó èrò, tí àwọn obìnrin sì ń pàtẹ ẹ̀fọ́, ata, àti wàrà líle kan tí ń jẹ́ churpi, èyí tí wọ́n ń fi sẹ́nu jẹ díẹ̀díẹ̀ fún odidi wákàtí kan. A gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀ nínú ọkọ̀ nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà náà. Bí a ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ kan, wọ́n dúró lójijì, wọ́n sì ní, "Irú wà níhìn-ín." Ọmọ wọn rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí irú ní orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n kò dá a lóhùn. Wọ́n tẹ̀ lé imú wọn títí tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tí ó ní nǹkan dúdú-dúdú tí a fi ewé wé níwájú rẹ̀. Kinema ni orúkọ rẹ̀. Oúnjẹ àwọn ẹ̀yà Limbu ni, tí àwọn ẹ̀yà mìíràn ní ìlà-oòrùn Nepal, ní Darjeeling àti ní Sikkim náà ń jẹ. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n máa ń sè títí yóò fi rọ̀, tí wọn a gún un díẹ̀ kí ó là sí méjì, tí wọn a fi eérú igi díẹ̀ sí i, tí wọn a fi ewé wé e, tí wọn a sì gbé e sí ìtòsí ààrò tí ó móoru fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, títí yóò fi máa fà bí ilá, tí òórùn rẹ̀ yóò sì gba gbogbo ilé. Kòkòrò àìfojúrí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Bacillus subtilis ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí lára kinema, òun kan náà ni ó sì ń ṣe é lára irú tiwa. Imú ẹ̀gbọ́n mi kò tàn wọ́n jẹ.

A béèrè ibi tí a ti lè jẹ ẹ́, ìyá náà sì nawọ́ sí ilé oúnjẹ kan lẹ́yìn ọjà tí kò ní ju àga mẹ́fà lọ, tí kò sì ní pátákó orúkọ. Wọ́n fi àlùbọ́sà, tòmátì àti ata din ín, wọ́n da omi díẹ̀ sí i, wọ́n sì gbé e ka iwájú wa pẹ̀lú ìrẹsì gbígbóná. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí yóò fi yé ẹni tí kò bá wa débẹ̀: a wà lórí òkè tí a ti ń rí yìnyín Kanchenjunga, òkè kẹta tí ó ga jù lọ láyé, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 8,586 mítà, ọbẹ̀ tí ó wà nínú àwo wa sì ń rùn bí ọbẹ̀ ilé ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi jẹun tán. Ọmọ wọn kọ́ wọn láti sọ fún obìnrin tí ó se oúnjẹ náà pé "mitho chha", tí ó túmọ̀ sí pé ó dùn, obìnrin náà sì tún bu ọbẹ̀ sí i fún wọn.

Fún oúnjẹ àárọ̀, àwọn ibi mẹ́ta ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ, àwọn náà kò sì burú. Ilé oúnjẹ Sonam's Kitchen kéré gan-an, wọ́n ń ṣe kọfí tí ó dára àti ẹyin pẹ̀lú búrẹ́dì níbẹ̀. Glenary's wà lórí Nehru Road, ilé búrẹ́dì àti kéèkì wà ní ìsàlẹ̀, yàrá ìjẹun ńlá sì wà lókè. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lè jókòó ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé kí ó máa wo àfonífojì. Keventer's kò jìnnà sí i, òrùlé rẹ̀ tí wọ́n to tábìlì sí ni ó gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni ènìyàn yóò gùn débẹ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì ni ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ àárọ̀ wọn. Kí àwọn Mùsùlùmí wa kíyè sí èyí, kí wọ́n sì máa béèrè nínú ilé oúnjẹ Tibet pẹ̀lú, nítorí ẹran màlúù, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ lè jọ wà lórí ìwé oúnjẹ kan. Mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú náà wà ní ìtòsí ọjà ìsàlẹ̀, àwọn Mùsùlùmí tí ń ta oúnjẹ sì wà ní àyíká rẹ̀.

Tíì nílò ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ sí Darjeeling, wọ́n sì ń padà láìmu tíì Darjeeling. Èyí tí wọ́n ń mu nínú ilé oúnjẹ lójoojúmọ́ ni chiya, tí wọ́n ń fi mílíìkì àti ṣúgà sè. Ó dára fún òtútù. Ewé oko tíì tí ó jẹ́ ojúlówó, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ. Oko mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n fún ní àṣẹ láti lo orúkọ náà, òfin sì ti dáàbò bo orúkọ náà ní Íńdíà láti ọdún 2004, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ewé ibòmíràn pè é. A dé ní àkókò tí wọ́n ń já ewé àkọ́kọ́ ọdún, ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, èyí tí omi rẹ̀ máa ń funfun díẹ̀, tí òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti òdòdó. Ewé oṣù karùn-ún sí ìkẹfà ni ó máa ń pọ́n jù, tí adùn rẹ̀ sì jinlẹ̀. Lọ́dọ̀ Nathmulls, tí ó ti ń ta tíì láti ọdún 1931, wọ́n ń jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ òórùn ewé kọ̀ọ̀kan kí ó tó rà á. Ẹ má ṣe da mílíìkì sí i, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ewé náà pẹ́ nínú omi ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Oko Happy Valley, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1854, wà ní ìsàlẹ̀ ìlú fún ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí wọ́n ti ń ṣe é.

Àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí ó yẹ kí àlejò mọ̀. Ní gíga bẹ́ẹ̀, omi máa ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 93 dípò 100, nítorí náà ẹ̀wà àti ẹran kì í tètè jinná, ìkòkò onídèérí líle tí ń súfèé ni ẹ ó sì máa gbọ́ nínú gbogbo ilé ìdáná. Ẹ ní sùúrù fún wọn. Omi pàápàá ṣọ̀wọ́n nínú ìlú náà, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń ra omi, ẹ má sì ṣe bínú bí wọ́n bá fún yín ní omi ìfọwọ́ díẹ̀. Omi sísè tàbí omi inú ìgò ni kí ẹ máa mu. Ìlú náà a máa tètè sùn. Ẹni tí ó bá dúró di agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kí ó tó wá oúnjẹ yóò bá ilẹ̀kùn ní títì. Ní àsìkò Losar, ọdún tuntun àwọn ará Tibet, tí ó máa ń bọ́ sí oṣù kejì tàbí ìkẹta, ọ̀pọ̀ nínú ilé oúnjẹ wọn máa ń ti ìlẹ̀kùn. Ọtí jéró gbígbóná kan wà tí wọ́n ń pè ní tongba, tí wọ́n ń da omi gbígbóná lé lórí nínú ife onígi, tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fà mu. Mo tọ́ ọ wò, ó dùn, ṣùgbọ́n ó lágbára ju bí ó ti rí lẹ́nu lọ.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn aṣètò ìrìn-àjò wa ní Èkó àti Ìbàdàn ni pé kí wọ́n máa ta yàrá fún ènìyàn láìso oúnjẹ alẹ́ mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n kéré tán jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé ó lè kọ̀ ọ́. Owó tí a san fún oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ márùn-ún ní hòtẹ́ẹ̀lì náà, tí a kò sì jẹ ju ti ọjọ́ méjì lọ, pọ̀ ju gbogbo owó tí a ná ní Gandhi Road àti ní Chowk Bazaar lọ, wọn kò sì dá kọ́bọ̀ padà fún wa nígbà tí a béèrè. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin náà ni pé kí ẹ fún àwọn òǹkàwé tí ó ti dé irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní àyè nínú ìwé ìròyìn yìí láti dárúkọ ibi tí wọ́n ti jẹun dáadáa, nítorí àwọn aláìsàn àti àgbàlagbà ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ń bá wa lọ sí Íńdíà, ebi kò sì yẹ irú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn dáadáa báyìí. Ìgò ata dalle kan tí wọ́n rà lọ́jọ́ tí a ń kúrò ṣì wà nínú ilé ìdáná wọn, ó ti lọ sí ìdajì, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí ọmọ wọn pé kí ó bá wọn mú méjì bọ̀.

Èmi ni,
Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn.